Sẹ́tọ́ọ̀pù yẹn, ọwọ́ ta lẹ ti gbà á? Bí ẹ ṣe lè dáńlóòdù sọ́fítíwíà láì gbé olè wọlé

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnì kan má sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá Office tí kò ní bèèrè owó.” Ẹlòmíràn á ní òun ti rí Photoshop lórí Telegram, ṣé kí òun tẹ̀ ẹ́? Èsì mi ti gùn ju ohun tí mo lè máa sọ sínú WhatsApp lọ, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kánjú, ẹ fo ìtàn mi, kí ẹ lọ síbi tí mo to nọ́ńbà sí.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, ní Ìbàdàn, fíláàṣì pupa kan wà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Fódà kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n pè ní “All Softwares”. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa wá níbẹ̀ tẹ́ ò ní rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó wọn jọ. Mo fi Office inú ẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun. Fáìlì kékeré kan tẹ̀lé e, ó ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus. Mo pa á. Fèrèsé dúdú kan yọjú, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé padà. Office ṣí, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Ọ̀jọ́ọ̀ ní kùtù hàì: “Ṣé ìwọ lo ní kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà kó lè bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba?” Facebook mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Wọn ò bi mí ní páásíwọ́ọ̀dù kankan. Bùráúsà mi ti bá wọn tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa ń ki Ìbàdàn pé níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé oríkì náà kan kọ̀ǹpútà.

Kí ni sẹ́tọ́ọ̀pù lè ṣe tí orin tàbí fọ́tò ò lè ṣe?

Tí ẹ bá tẹ sẹ́tọ́ọ̀pù, ìyẹn fáìlì tó ń gbé sọ́fítíwíà sórí ẹ̀rọ, Windows á bi yín bóyá kí òun jẹ́ kó ṣe àyípadà sórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á, “Yes” la máa ń tẹ̀. “Yes” yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. Láti ìgbà náà lọ, fáìlì yẹn lè pa antivirus, ó lè to ara ẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láràárọ̀, ó sì lè ka gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tí Chrome ń bá yín pa mọ́.

Olè tó wọ́pọ̀ jù báyìí kì í ba ẹ̀rọ jẹ́ rárá. Á kó páásíwọ́ọ̀dù, á kó kúkì, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀, ó tán. Kúkì ni àmì tí Gmail tàbí Facebook fi ń dá yín mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá jí i lè wọlé láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. RedLine ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni àwọn ọlọ́pàá Netherlands, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ gba àwọn ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó máa ń kéde ara ẹ̀ ni èyí tó ń ti fáìlì pa. STOP, tí wọ́n tún ń pè ní Djvu, fẹ́ràn kíráàkì, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kí wọ́n má baà sanwó, bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò. Ẹ máa jí lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé gbogbo ìwé yín ti gba ìrù tuntun nídìí orúkọ, kò sí èyí tó ń ṣí, lẹ́tà kan sì wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan, “_readme.txt”, tó ń bèèrè dọ́là 980. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá tètè kàn sí àwọn láàárín wákàtí 72, àwọn á gba 490. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gba ìdánwò próójẹ́ẹ̀tì kò ní dọ́là mẹ́wàá.

Ibi tí wọ́n ti ń kó sí wa lọ́wọ́

*Fíláàṣì ẹnjiníà.* Òun ni mo fi ṣáájú nítorí pé òun ni a kì í fura sí. Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sí Queen Cinema tàbí Ìwó Road kí wọ́n bá yín fi Windows tuntun sí i. Ẹ padà dé, ẹ bá Office, Photoshop, WinRAR, antivirus, gbogbo ẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ tún dúpẹ́. Kì í ṣe pé ẹnjiníà burú o. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan ni, ẹni yẹn gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Fíláàṣì yẹn ti wọ ẹ̀rọ bíi mélòó kó tó wọ tiyín?

*Ìpolówó tó wà lókè Google.* Ẹ kọ “VLC download”, àwọn àbájáde tó kọ́kọ́ yọ lè jẹ́ ìpolówó tí ẹnì kan sanwó fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn olè ra irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ fún VLC, OBS, 7-Zip àti Notepad++, wọ́n sì kọ́ ìkànnì tó jọ ti olóhun bí ìbejì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ “Sponsored” tó wà lórí ẹ̀. Ẹ fò ó.

*Ìkànnì aláwọ̀ ewé.* Ẹ mọ̀ wọ́n: bọ́tìnnì “Download” márùn-ún lójú ewé kan, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́. Àní ibi tó lórúkọ lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní ọdún 2015, SourceForge, ìkànnì ńlá kan tí wọ́n ti ń dáńlóòdù sọ́fítíwíà, gba ojúlé tí GIMP (sọ́fítíwíà fọ́tò) ti Windows fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìpolówó wé sẹ́tọ́ọ̀pù náà, àwọn tó ni GIMP sì bínú gan-an. Àwọn tó ra SourceForge ní 2016 ló fòpin sí i.

*“Flash Player yín ti gbó.”* Irọ́ gbáà. Adobe ti sin Flash Player láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di tuntun lónìí, ẹ ti í pa.

*Fáìlì zip tó ní páásíwọ́ọ̀dù.* Wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò pé “password: 1234”. Ẹ rò ó wò: kí ni ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ayé gba nǹkan fi kọ́kọ́rọ́ sí i lẹ́nu fún? Kí antivirus má lè rí inú ẹ̀ ni.

Òjùlówó tó ti gbó ńkọ́?

Bàbá kan sọ fún mi pé, “Èmi ò gbà á lọ́wọ́ olè o, láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ ni mo ti ní CD yìí.” Mo ní, “Bàbá, ọdún wo lẹ ra ẹ̀rọ?” Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

WinRAR, tó ń ṣí fáìlì zip àti rar, ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí fíláàṣì tí kò sí. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n tú àṣírí ihò kan tó ti wà nínú ẹ̀ fún ọdún 19: ẹ kàn ṣí fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó ti gbé nǹkan sí ibi tó máa ti jí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Wọ́n dí i nínú ẹ̀dà 5.70. Ní 2023 wọ́n tún rí òmíràn, wọ́n dí i nínú 6.23. WinRAR kì í sì í sọ ara ẹ̀ di tuntun. Ẹ̀yin lẹ máa lọ gbé e wá. Ẹ ṣí tiyín, ẹ lọ sí “Help”, ẹ tẹ “About”. Tó bá kéré ju 6.23 lọ, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Tí ẹ bá ń sọ pé kò lè burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ rántí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti gbé oògùn ẹ̀ jáde. Oṣù karùn-ún ló jà. Ẹ̀rọ tí kò tíì lo oògùn ló kó o.

Windows 7 ti kúrò nínú ìtọ́jú láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Windows 10 tẹ̀lé e ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá ṣì ń bá yín fi Windows 7 sórí ẹ̀rọ tuntun nítorí pé “kì í wúwo”, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ lọ sílé olóhun. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì náà sókè bùráúsà. VLC: videolan.org. 7-Zip: 7-zip.org. LibreOffice: libreoffice.org. Firefox: mozilla.org. Chrome: google.com/chrome. Tẹ́ ò bá mọ ti sọ́fítíwíà kan, ẹ wá orúkọ ẹ̀ lórí Wikipedia, ẹ wo àpótí ọwọ́ ọ̀tún, àdírẹ́sì olóhun sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

2. Ẹ ka àdírẹ́sì láti ẹ̀yìn. Ibi tí ilà wíwọ́ (/) àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ máa ka padà sọ́wọ́ òsì. Ohun tó bá kángun sí ilà yẹn ló ni ilé. Bí wọ́n bá kọ videolan.org síwájú tí wọ́n wá fi orúkọ mìíràn àti .com parí ẹ̀, orúkọ mìíràn yẹn lonílé. VideoLAN kàn jẹ́ aṣọ tó wọ̀ ni.

3. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́. Ẹ mú èyí tó dúró ṣinṣin, ẹ má mú “beta”. Tó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí ẹ̀, ẹ ṣàyẹ̀wò bóyá olóhun ṣì ń tọ́jú ẹ̀.

4. Tó bá ti wọlé, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Windows máa fi ìrù fáìlì hàn yín: nínú File Explorer ti Windows 11, “View”, “Show”, “File name extensions”. Láìṣe èyí, fáìlì tó ń jẹ́ “Chapter Four.pdf.exe” á máa jẹ́ “Chapter Four.pdf” lójú yín. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó. 7-Zip kò ju MB bíi kan àtààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá gba 7-Zip tó jẹ́ 80 MB, kí ló kù nínú ẹ̀?

5. Ẹ wo ìbuwọ́lù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, “Properties”, lẹ́yìn náà “Digital Signatures”. Ti Chrome á sọ “Google LLC”, ti VLC á sọ “VideoLAN”. Orúkọ ẹnì kan tí kò jọ mọ́ nǹkan kan, ẹ pa fáìlì rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo ẹni tí kò buwọ́ lù lolè: 7-Zip tí mo ń lò kò ní ìbuwọ́lù. Fún irú ìyẹn, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹfà.

6. Ẹ yẹ ìtẹ̀ka ẹ̀ wò. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀ka tiẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí wọ́n ń pè ní SHA-256. Bí ẹ bá yí ẹyọ lẹ́tà kan padà nínú fáìlì, ìtẹ̀ka náà á yí pátápátá. Ẹ ṣí fódà tí fáìlì wà, ẹ kọ cmd síbi àdírẹ́sì lókè, ẹ tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú náà, ẹ kọ:

   certutil -hashfile orúkọ-fáìlì.exe SHA256

   Ẹ kọ orúkọ fáìlì bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìtẹ̀ka tó bá yọ, ẹ padà sí ojú ewé olóhun, ẹ tẹ Ctrl àti F pọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Tó bá rí i, ó ti jẹ́ òun. Ẹ má fi ojú lásán wo lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ ní ó jọra. Ìtẹ̀ka tí ẹ sì rí lórí ìkànnì kan náà tí ẹ kò fọkàn tán, kò jámọ́ nǹkan kan; olè lè kọ ìwé ẹ̀rí fún ara ẹ̀.

7. Ẹ bi VirusTotal. Ìkànnì virustotal.com máa ń bá yín bi antivirus tó lé ní 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi dátà ṣòfò: ẹ má gbé fáìlì lọ, ìtẹ̀ka tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn ni kẹ́ ẹ lẹ̀ sí “Search”. Tí ẹnì kan tàbí méjì bá ń pariwo nínú wọn, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Tó bá jẹ́ ogún, ẹ má bá mi jiyàn. Tó bá ní òun kò rí fáìlì yẹn rí, tó sì jẹ́ pé VLC lẹ ní ẹ gbà, ẹ fura: gbogbo ayé ló ń lo VLC.

8. Ẹ ka ohun tí Windows ń bi yín. Tí ó bá mọ ẹni tó buwọ́ lù ú, ojú ìbéèrè náà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó máa ń ní àwọ̀ òféèfèé, ó sì máa ń kọ “Unknown”. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú “Custom” tó bá wà, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò nídìí gbogbo ohun tẹ́ ò bèèrè fún. Ẹni tó ń tẹ “Next, Next, Next” bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ló máa ń ní bùráúsà mẹ́ta tí kò mọ̀dí.

9. Ẹ sọ ọ́ di tuntun lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí Task Manager, “Startup apps”, láti wo bóyá àjèjì kan ti wà níbẹ̀.

Ọ̀nà àbùjá wà fún ẹni tó ń lo Windows 11. Ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ winget install -e --id VideoLAN.VLC, á lọ bá yín gbé VLC wá láti ilé olóhun, á sì bá yín yẹ ìtẹ̀ka ẹ̀ wò fúnra ẹ̀. winget upgrade --all á sọ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ di tuntun. Èmi ò tún fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọ̀nà mìíràn mọ́.

Ẹnì kan á bèèrè pé, ṣé ilé olóhun fúnra ẹ̀ kò lè ní olè? Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2017, wọ́n wọ inú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe CCleaner, sọ́fítíwíà tó ń gbá ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ, ẹ̀dà 5.33 tó jáde lóṣù kẹjọ ní fáírọ́ọ̀sì nínú pẹ̀lú ìbuwọ́lù tòótọ́. Àwọn tó ní i lórí ẹ̀rọ lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ta olóhun lólobó, ó kéde, ó sì gbé ẹ̀dà tó mọ́ jáde. Fíláàṣì pupa kì í kéde.

Kíráàkì, àti ohun tẹ́ ẹ lè lò dípò ẹ̀

Àwọn tó ń lò ó á ní, “Antivirus máa ń parọ́ mọ́ kíráàkì ni.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti pa antivirus, báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ tó ń sọ òótọ́? Ní 2021, wọ́n rí ayédèrú KMSPico (kíráàkì tí wọ́n fi ń ṣí Windows àti Office) kan tó gbé Cryptbot, olè páásíwọ́ọ̀dù, mọ́ra: Windows á ṣí lóòótọ́, páásíwọ́ọ̀dù á sì ti lọ. Ó tún kù síbì kan. Ọ̀pọ̀ kíráàkì máa ń dí ọ̀nà tí sọ́fítíwíà fi ń gba ọ́pídéètì, kí olóhun má baà mọ̀. Nítorí náà, ayédèrú ni, ògbólógbòó sì ni.

- Office: LibreOffice, bíi 350 MB. Kí sùpáfáísọ̀ yín má baà ní òun kò rí i ṣí, ẹ lọ sí “Tools”, “Options”, “Load/Save”, “General”, kẹ́ ẹ ní kó máa fi ìwé pa mọ́ ní Word. Word orí íntánẹ́ẹ̀tì àti Google Docs náà kò gbowó.
- SPSS: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe orí kẹrin próójẹ́ẹ̀tì, PSPP tàbí jamovi á ṣí fáìlì .sav yín. jamovi rọrùn lójú ju èkejì lọ.
- AutoCAD: Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn máa fi ẹ̀rí hàn pé ilé ìwé lẹ wà.
- CorelDRAW: Inkscape. Mi ò ní parọ́ fún yín, kì í ṣí gbogbo fáìlì Corel dáadáa. Ẹni tó ń fi báńà àti káàdì ìgbéyàwó jẹun, tí àwọn oníbàárà ẹ̀ ń gbé iṣẹ́ Corel wá, kó dáwó jọ kó ra á.
- Photoshop: GIMP fún fọ́tò, Krita fún yíya àwòrán.
- WinRAR: 7-Zip á ṣí .rar fún yín. Ọ̀rọ̀ tán.

Orí fóònù

Òfin kan náà ni. GBWhatsApp àti àwọn ẹbí ẹ̀, ìyẹn WhatsApp tí ẹlòmíràn tún ṣe, kò sí nínú Play Store, WhatsApp sì máa ń ti àkáǹtì àwọn tó ń lò ó pa fún ìgbà díẹ̀. Ní 2021, Kaspersky, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe antivirus, rí fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Triada nínú ẹ̀dà FMWhatsApp kan. Ó lè fi orúkọ onífóònù forúkọ sílẹ̀ fún ohun tó ń gbowó, kónítọ̀hún má mọ̀. Gbogbo ẹ̀ nítorí kí a lè ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́!

APK (sẹ́tọ́ọ̀pù ti fóònù Android) báǹkì, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ gbé APK wá láti ìkànnì olóhun tàbí láti F-Droid (ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́), ẹ padà lọ ti ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ ṣí: nínú Settings, ẹ wá “Install unknown apps”, kẹ́ ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ Chrome tàbí WhatsApp.

Dátà wọ́n: bí ẹ ṣe lè ní fíláàṣì tó mọ́

Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣàjọpín. Dátà kì í ṣe omi òjò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣe é bó ṣe yẹ.

1. Ẹ fọ fíláàṣì tó ṣófo pẹ̀lú “Format”. Ẹ má lò ó fún orin tàbí fíìmù mọ́.
2. Ẹ fi dátà òru gbé sẹ́tọ́ọ̀pù wá láti ilé olóhun. Tó bá jẹ́ Chrome, ẹ wá èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kéré yẹn á tún lọ jẹ dátà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà ẹ̀dà, ọjọ́ àti ìtẹ̀ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé yẹn pa mọ́ sórí fóònù yín.
4. Bí fíláàṣì bá jáde lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó sì padà, ẹ yẹ ìtẹ̀ka wò kẹ́ ẹ tó lò ó. Èyí tí kò bá bára mu mọ́, ẹ̀rọ aláìsàn kan ti fọwọ́ kàn án.
5. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ nu ún, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà, ẹ gbé fíláàṣì yìí dání. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ọ̀gá, ẹ bá mi fi Windows nìkan sí i, ẹ má bá mi fi nǹkan mìíràn kún un.” Àwọn kan á bínú. Ẹ san owó iṣẹ́ ẹ̀ pé, inú á rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

1. Ẹ pa wáìfáì àti hotspot lójú ẹsẹ̀.
2. Ẹ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì padà ṣáájú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba gbogbo yòókù. Lẹ́yìn náà báǹkì, Facebook àti àwọn tó kù. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí: orí ẹ̀rọ tó ṣàìsàn náà ni mo ti yí i, mo tún fà á lé olè lọ́wọ́.
3. Ẹ wá ibi tó ní “Log out of all devices” nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páásíwọ́ọ̀dù tuntun nìkan lè má lé ẹni tó ti ní kúkì lọ. Nínú WhatsApp, ẹ wo “Linked devices”.
4. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báǹkì yín, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rí lórí Facebook.
5. Ẹ ṣí Windows Security, “Virus & threat protection”, “Scan options”, ẹ mú “offline scan”. Ẹ̀rọ á kú, á tún jí, á wá inú ara ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15.
6. Tó bá ní òun rí nǹkan, ẹ má tẹ́ ọkàn sílẹ̀ pé ó ti pa á tán. Ẹ fi Windows sí i látilẹ̀ pẹ̀lú Media Creation Tool ti Microsoft àti fíláàṣì 8 GB. Ìwé àti fọ́tò ni kẹ́ ẹ kó kúrò, ẹ má kó fáìlì .exe kankan.
7. Tí wọ́n bá ti ti fáìlì yín pa, ẹ má tíì sanwó, ẹ má sì nu wọ́n dànù. Ẹ gbé méjì nínú wọn lọ sí nomoreransom.org. Láti 2019 ni Emsisoft ti ṣe irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó lè ṣí díẹ̀ nínú ti Djvu, ti àtijọ́ jù.
8. Ẹ sọ fáwọn èèyàn. Ẹ fi sórí status, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fóònù àwọn tó lówó lọ́wọ́ tí wọ́n sì fẹ́ràn yín, torí àwọn lolè máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ò tíì san kọ́bọ̀ nígbà tó pè mí. Ọmọ kíláàsì mi kan ní Ṣàngó ti san tiẹ̀ kí n tó jí.